Lítà mélòó ló yẹ ká sè bí a bá ń fi malt extract pọn bíà nílé?

Akọ́ṣẹ́Bíà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Lítà 19 bíà aláwọ̀ wúrà ni mo fẹ́ pọn. Oje mọ́ọ̀tì, ìyẹn malt extract, oníyẹ̀fun kílò 2.5 ló wà nílẹ̀, pẹ̀lú họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò) gíráàmù 30 tí alpha rẹ̀, èròjà ìkorò inú rẹ̀, jẹ́ 10%, tó máa hó fún wákàtí kan. Ìkòkò mi ń gba lítà 20. Àwọn kan ní kí n sè lítà 10, kí n wá fi omi tútù kún un. Àwọn mìíràn ní bí kò bá jẹ́ odidi rẹ̀ ni mo sè, ọtí náà ò ní dáa. Ṣé kí n lọ ra ìkòkò lítà 38 ni?

ÌdíÌkòkò:
Ẹ má tíì ra ìkòkò. Iná yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, torí iná ló ń pinnu iye lítà téèyàn lè sè.

Ẹ bu omi lítà 10 sínú ìkòkò tí ẹ ní, ẹ fi tẹmómítà wò ó pé ó wà ní nǹkan bí 20°C, ẹ dé e, kí ẹ gbé e sórí ojú gáàsì tó lágbára jù. Ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà kó tó hó. Bó bá jẹ́ 40, a jẹ́ pé kílówáàtì 1.4 ló ń wọ inú omi náà. Lórí iná yẹn, lítà 25 á gba ìṣẹ́jú 100 ó kéré tán, kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí họ́ọ̀pù rárá.

Ẹ̀yìn ìgbà tó bá hó ni wàhálà tòótọ́ wà. Kílówáàtì kan kò lè gbẹ ju omi lítà 1.6 lọ ní wákàtí kan, bí ooru kankan ò bá tiẹ̀ ṣòfò. Kílówáàtì 1.4 ò lè kọjá lítà 2.2. Ìkòkò ńlá sì ní ara tó fẹ̀ tó ń tú ooru dànù sínú afẹ́fẹ́. Bí ẹ bá gbé lítà 24 ka iná bẹ́ẹ̀, omi náà á kàn máa mì lójú ni, kò ní yí. Omi mọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ máa yí po nínú ìkòkò kí ohun tó ń mú bíà ṣókùnkùn lè dì pọ̀ kó sì rì sísàlẹ̀. Lítà 11 tó ń hó gidigidi sàn ju lítà 24 tó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ dáadáa.

Kí ẹ lè mọ ohun tí sísè odidi ń béèrè: lítà 19 máa wọ inú ike tí ọtí ti máa wú, lítà 1 á kù sílẹ̀ pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà 1 tó máa súnkì bí omi gbígbóná bá ṣe ń tutù (nǹkan bí 4%), nǹkan bí lítà 3 á sì gbẹ. Lítà 24 nìyẹn. Ìkòkò tó kéré ju lítà 30 lọ ò lè gbà á kí ìfófòó má dà sílẹ̀.

ÒdòdóKíkorò:
Mo fara mọ́ ìyẹn. Ìkòkò kékeré kì í ba bíà jẹ́. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kí èèyàn da gbogbo oje mọ́ọ̀tì sínú omi díẹ̀, kó wá máa retí pé họ́ọ̀pù á ṣiṣẹ́ bó ṣe máa ń ṣe nínú omi tó pọ̀. Bí omi mọ́ọ̀tì bá ṣe ń ki sí i ni ìkorò tó ń jáde lára họ́ọ̀pù ń dín kù.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò tiyín. Kílò kan oje oníyẹ̀fun ń fúnni ní nǹkan bí pọ́ìntì 375, tí a ó fi iye lítà pín. Olómi tó ń fà bí oyin ń fúnni ní nǹkan bí 300. Kílò 2.5 yín jẹ́ 937. Nínú lítà 19, 49 ni, tí háídírómítà (ohun tó ń wọn bí omi ṣe ki tó) máa pè ní 1.049. Nínú lítà 10, ó di 94, ìyẹn 1.094.

Nínú ìṣirò Tinseth, tí àwọn apọntí fi ń díwọ̀n ìkorò, họ́ọ̀pù tó hó fún wákàtí kan nínú 1.049 máa ń fi nǹkan bí 23% alpha rẹ̀ sílẹ̀ nínú ọtí. Nínú 1.094, kò ju nǹkan bí 15.5% lọ. Gíráàmù 30 yín ní alpha mílígíráàmù 3,000. Pín in sí lítà 19, ó jẹ́ 158 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá sè odidi, ìkorò yín á jẹ́ nǹkan bí 36 IBU (òṣùwọ̀n ìkorò bíà). Bí ẹ bá sè lítà 10 pẹ̀lú gbogbo oje nínú rẹ̀, 24 ni. Ọtí kan náà, họ́ọ̀pù kan náà, ìkorò ti lọ sílẹ̀ ní ìdá mẹ́ta.

Ẹ wá wo ọ̀nà àbáyọ. Ẹ da kílò 1.3 péré sínú lítà 10 yẹn níbẹ̀rẹ̀. 1.3 lọ́nà 375 jẹ́ 487, ẹ fi 10 pín in: 1.049. Ó ki bákan náà pẹ̀lú odidi! Họ́ọ̀pù ò mọ ìyàtọ̀. Kílò 1.2 tó kù á wọlé nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10. Òfin tí mo máa ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá béèrè nìyí: ìdá tí ẹ bá sè nínú omi, ìdá yẹn náà ni kí ẹ kọ́kọ́ dà nínú oje. Ìdajì omi, ìdajì oje. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin omi, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin oje.

Ọmọrogùn:
Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń da oje kejì yẹn sí i, torí ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́.

Ẹ pa iná. Kì í ṣe kí ẹ dín in kù o, ẹ pa á pátápátá. Oje mọ́ọ̀tì wúwo ju omi lọ, tààrà ni yóò rì lọ sí ìdí ìkòkò, bí iná bá sì wà lábẹ́ rẹ̀, á jó mọ́ irin kí ẹ tó fi igi kàn án. Ìjóná yẹn ò ṣeé yọ kúrò nínú ọtí. Èéfín àti ìkorò tí kì í ṣe ti họ́ọ̀pù ni yóò máa rùn títí ìgò ìkẹyìn.

Bó bá jẹ́ oníyẹ̀fun, ẹ má ṣí ọ̀rá rẹ̀ sórí ooru ìkòkò. Ooru yẹn á mú un di kókó lẹ́nu ọ̀rá, á sì lẹ̀ mọ́ ọwọ́ àti ṣíbí. Ẹ fi omi tútù lítà 2 pò ó sínú abọ́ mìíràn kó tó di àkókò rẹ̀, bí ẹni ń po ẹ̀kọ, kí ẹ wá rọra dà á sí i. (Lítà 2 yẹn, ara omi tí ẹ fẹ́ fi kún un ni kí ẹ ti yọ ọ́.) Bó bá jẹ́ olómi, ẹ gbé agolo rẹ̀ sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú 15 kó lè rọ̀, kí ẹ sì fi omi ìkòkò ṣan inú agolo náà, torí ohun tó lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ rò ó títí ẹ ò fi ní gbọ́ kí nǹkan kan máa fà nísàlẹ̀ mọ́. Ẹ wá tan iná padà. Ìgbóná á ti lọ sílẹ̀, nítorí náà ẹ dá aago dúró títí á fi tún hó, kí ẹ tó ka ìṣẹ́jú 10 tó kù.

Àǹfààní kejì ni ti àwọ̀. Oje tó pọ̀ nínú omi díẹ̀, tó hó fún wákàtí kan, máa ń pọ́n, adùn rẹ̀ sì máa ń dà bíi ti ṣúgà tí wọ́n yan. Fún bíà dúdú, kò burú. Fún èyí tí ẹ fẹ́ kó ní àwọ̀ wúrà, ó burú. Àmọ́ ẹ wo ọjọ́ tó wà lára agolo o. Oje olómi tó ti pẹ́ nílẹ̀ ti pọ́n kí ẹ tó rà á, kò sí ọgbọ́n ìsè kan tó lè dá a padà. Tàwọ̀ bá ká yín lára, oníyẹ̀fun ni kí ẹ máa lò.

Akọ́ṣẹ́Bíà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Níbì kan, wọ́n ní kí n kàn fi họ́ọ̀pù 25% kún un, kí n da gbogbo oje sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Níbòmíì, wọ́n ní 45%. Ta ni kí n gbọ́?

Òṣùwọ̀n:
Ìṣirò méjèèjì ló ní ibi tó ti wá. Ìṣirò Rager, tí òun náà ń díwọ̀n ìkorò, kì í yọ nǹkan kan kúrò títí omi mọ́ọ̀tì fi dé 1.050. Tó bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ mú ohun tó fi ju 0.050 lọ, ẹ fi 0.2 pín in. Fún 1.094 yín: 0.044 pín sí 0.2 jẹ́ 0.22, ìyẹn ni pé ẹ ó fi 22% họ́ọ̀pù kún un. Tinseth ní tirẹ̀ sọ pé láti 24 padà sí 36, ẹ nílò ìlọ́po 1.5, tó jẹ́ gíráàmù 44 tàbí 45. Àwọn méjèèjì ń díwọ̀n ni, wọn ò sì bára mu nínú omi tó ki. Nínú 1.049, àtúnṣe méjèèjì kò tó nǹkan. Ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí ÒdòdóKíkorò sọ fi dára jù: ó gbé yín kúrò níbi tí ìṣirò ti ń jà.

Àfi ohun kan tí ọ̀nà yẹn ò lè yanjú. Ìkorò họ́ọ̀pù ní ibi tó ń mọ nínú ìkòkò, nǹkan bí 100 IBU ni ọ̀pọ̀ apọntí máa ń fi ṣe òpin. Bí lítà 10 bá dé 100, tí ẹ fi omi sọ ọ́ di lítà 19, nǹkan bí 52 ló kù. Bó bá jẹ́ IPA (irú bíà tó korò gan-an) tí ìkorò rẹ̀ jẹ́ 65 IBU lẹ ń lé, ẹ lè da họ́ọ̀pù gbogbo ayé sínú lítà 10, kò ní dé ibẹ̀. Irú ọtí bẹ́ẹ̀ ló tó ìdí láti ra ìkòkò ńlá. Fún 36, rárá.

Ẹ tún ṣọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀. Nínú odidi, lítà 1 tí ẹ bá fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ ìkòkò jẹ́ 5% iṣẹ́ yín. Nínú ìsè kékeré, gbogbo oje ti wà nínú nǹkan bí lítà 9 tó kù lẹ́yìn ìsè. Lítà 1 nínú 9 jẹ́ 11%! Bíà tí ẹ ṣírò sí 1.049 á bọ́ sí 1.044, ìkorò náà á bá a lọ. Ẹ da gbogbo rẹ̀ gba inú asẹ́ tí ẹ ti fi oògùn pa kòkòrò ara rẹ̀, kí ẹ sì fi lítà kan omi tó ti hó tó sì ti tutù ṣan ohun tó kù sínú asẹ́ náà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ díẹ̀ tó bá bá a lọ á rì sísàlẹ̀ ike, kì í ṣe nǹkan.

Ẹ má sì jẹ́ kí háídírómítà dá yín níjì lọ́jọ́ yẹn. Omi mọ́ọ̀tì tó ki àti omi lásán kì í tètè dà pọ̀. Bí ẹ bá bu láti ẹnu fáwẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ ike, ó lè kà 1.060 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá bu láti òkè, ó lè kà 1.035. Irọ́ ni méjèèjì. Oje tí ẹ wọ̀n ni ẹlẹ́rìí tòótọ́: kílò 2.5 nínú lítà 19 ò lè di nǹkan mìíràn ju 1.049 lọ, bí gbogbo rẹ̀ bá ti wọlé tí omi náà sì pé. Ẹ mi ike náà dáadáa fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ máa nílò mímì yẹn náà fún afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà fẹ́ mí.

OmiTútù:
Kò tíì sẹ́ni tó mẹ́nu ba omi tí a fi ń kún un, bẹ́ẹ̀ ìdajì ọtí ni.

Omi yẹn ò ní bá họ́ọ̀pù hó, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ sè é lọ́tọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ sè lítà 11 fún ìṣẹ́jú 10, ẹ dé e, ẹ jẹ́ kó tutù, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ohun tí ẹ ti fọ̀ tí ẹ sì ti fi oògùn pa kòkòrò ara rẹ̀, kó sùn nínú fíríìjì. Bí omi ẹ̀rọ yín bá ní kilorínì, sísè á lé e lọ. Bó bá jẹ́ chloramine (oògùn omi mìíràn tó jọ kilorínì) ni wọ́n fi sí i, sísè ò tó. Ẹ lo Campden, oògùn oníhóró tó ń mú un kúrò: hóró kan tó fún nǹkan bí lítà 75, ìdá kan nínú mẹ́rin hóró ti tó fún gbogbo lítà 19 yín. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ omi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ohunkóhun. Ẹni tí kò bá ṣe é máa bá òórùn bí ti báńdéèjì ilé ìwòsàn nínú bíà rẹ̀.

Omi tútù yẹn ló máa bá yín mú ọtí tutù. Lítà 9 tó wà ní 40°C, tí ẹ bá pàdé lítà 10 tó wà ní 5°C, ìpapọ̀ wọn á jẹ́ nǹkan bí 21 tàbí 22°C. Ìwúkàrà lè wọlé lójú ẹsẹ̀. Láti mú lítà 9 dé 40, ẹ gbé ìkòkò náà sínú ọpọ́n omi àti yìnyín, ẹ máa rò ó, kí ẹ pààrọ̀ omi ọpọ́n lẹ́ẹ̀mejì, torí omi àkọ́kọ́ á gbóná láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Lítà 20 gbígbóná ò ṣeé ṣe bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì bàbà mítà 7 sí 15 tí omi ẹ̀rọ ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ máa nílò, kí ẹ sì ti tì í bọ inú ìkòkò nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 15 kí ooru lè pa kòkòrò ara rẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgò ńlá lẹ fẹ́ lò dípò ike, omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀. Ohun gbígbóná á fọ́ ìgò náà mọ́ yín lọ́wọ́.

Ìfófòó:
Lórí ìkòkò lítà 20 yẹn, ẹ má kọjá 15 nínú rẹ̀. Bí omi mọ́ọ̀tì bá fẹ́ hó, ìfófòó funfun á bẹ̀rẹ̀ létí ìkòkò, ojú rẹ̀ á pa dé, á rọlẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bíi pé nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀, lójijì ni yóò gbéra. Ẹ dúró tì í nígbà náà. Ẹ ti ṣí ìdérí, ẹ gbé omi tútù sínú ife sẹ́gbẹ̀ẹ́, ọwọ́ kan wà lórí kọ́kọ́rọ́ gáàsì. Àkókò kejì tó máa ń gbéra ni ìgbà tí họ́ọ̀pù bá kọ́kọ́ kan omi, nítorí náà ẹ fi hóró díẹ̀ ṣíwájú, kí ẹ tó da ìyókù.

Ẹni tó fẹ́ odidi láìra ìkòkò ńlá lè lo ìkòkò méjì tó ń gba lítà 16 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lórí ojú gáàsì méjì. Ẹ pín omi, oje àti họ́ọ̀pù dọ́gbadọ́gba. Ẹ fi lítà kan kún gbogbo omi tí ẹ fẹ́ sè, ojú omi méjì ló ń gbẹ. Ó tún rọrùn láti gbé. Ìkòkò tí lítà 22 ohun gbígbóná wà nínú rẹ̀ wúwo ju kílò 25 lọ, kò yẹ kẹ́nikẹ́ni gbé e lọ síbì kankan.

Akọ́ṣẹ́Bíà:
Ó ti ń yé mi. Ìbéèrè kékeré méjì: mo ní ọkà mọ́ọ̀tì tó pọ́n fún gíráàmù 250 tí mo fẹ́ rẹ. Ṣé inú gbogbo omi ni? Ṣé dandan sì ni wákàtí kan?

ÒdòdóKíkorò:
Lítà 2 péré ni kí ẹ rẹ ẹ́ sí, ní 65 sí 70°C fún ìṣẹ́jú 30, kó má kọjá 77. Nínú omi tó pọ̀ jù tàbí tó gbóná jù, èèpo ọkà á tú ohun tó ń fa ahọ́n sínú ọtí. Ẹ gbé àpò rẹ̀ sókè kó ro, ẹ má fún un, kí ẹ wá da lítà 2 yẹn mọ́ ìyókù.

Wákàtí kan kì í ṣe dandan. Oje mọ́ọ̀tì ti hó níbi tí wọ́n ti ṣe é, kò ní òórùn àgbàdo sísè tí a ń fi ìsè gígùn lé jáde lára ọkà tútù. Torí họ́ọ̀pù ni a ṣe ń sè é. Ìṣẹ́jú 30 ń fúnni ní bíi 77% ìkorò tí ìṣẹ́jú 60 ń fúnni, nítorí náà gíráàmù 39 á rọ́pò 30. Gáàsì yín ló máa sọ èyí tó wọ́n jù.

Akọ́ṣẹ́Bíà:
Mo dán omi lítà 10 wò: ìṣẹ́jú 34. Mo ń rò ó láti sè lítà 14, kí n fi kílò 1.85 bẹ̀rẹ̀, kí kílò 0.65 wọlé ní ìparí. Ṣé ó dáa?

OmiTútù:
Ìṣirò oje yín tọ̀nà, iná yín náà tó o. Àmọ́ ẹ wo ìtutù rẹ̀. Bí lítà 12.5 bá kù lẹ́yìn ìsè, omi tútù tó máa wọlé ò ju lítà 6.5 lọ. Kí ìpapọ̀ tó lè jẹ́ 20°C, ẹ gbọ́dọ̀ ti fi yìnyín mú ìkòkò yẹn dé 28. Láti 100 dé 40 máa ń yá, láti 40 dé 28 ló ń pẹ́, torí bí ọtí àti omi ọpọ́n bá ṣe ń sún mọ́ra ni ooru ń lọ́ra láti jáde. Bí ẹ bá ní kọ́ìlì, ẹ sè lítà 14. Bí ẹ ò bá ní in, ẹ dúró sí lítà 11, ẹ fi kílò 1.45 bẹ̀rẹ̀, kí ẹ da 1.05 sí i nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10. Ẹ sì fi kálámù fa ìlà lítà 19 sára ike kó tó di ọjọ́ náà, kẹ́ ẹ má bàa máa fojú díwọ̀n nígbà tí ọwọ́ yín bá ti kún.